Òkúta ìṣáwùrú tí ẹ pè ní Túrítẹ́là

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Nínú abala oge tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, àwòrán ìyàwó tuntun kan wà níbẹ̀ tó ṣe ìgbéyàwó ní Ọ̀fà. Aṣọ òfì rẹ̀ bá a mu, gèlè rẹ̀ dúró dáadáa, n kò rí ohun kan wí sí i. Òkúta tó so mọ́ ọrùn rẹ̀ ni mo bá wá. Òkúta pupa rúsúrúsú ni, nǹkan funfun roboto-roboto ṣù jọ sínú rẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Túrítẹ́là, ìgbín inú òkun tó di òkúta ní Òkè Sobí." Mo kà á, mo tún un kà. Ẹranko inú òkúta yẹn kì í ṣe Túrítẹ́là. Kò dé inú òkun rí. Òkè Sobí, òkè Ìlọrin wa níbí, kò sì lè mú irú rẹ̀ jáde, bí a bá tilẹ̀ gbẹ́ ẹ kan omi.

Kí ẹ tó béèrè pé kí ló kan bàbá yìí, iṣẹ́ òkúta ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń gé òkúta fún àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò. Ayùn eléyín dáyámọ́ńdì la fi ń gé e. A ó lẹ ègé rẹ̀ mọ́ dígí pẹlẹbẹ, a ó wá máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ dé 0.03 mìlímítà. Bí ó bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá sì fi maikirosíkóòpù wò ó á rí gbogbo hóró tó para pọ̀ di òkúta náà. Iṣẹ́ òkúta kì í sì í ṣe àjèjì ní ilé wa. Bàbá tó bí ìyá mi wà lára àwọn tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántànà ní Ìlọrin níbí, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì gbayì. Àwọn àgbà a máa sọ pé láti Ọ̀yọ́-Ilé ni wọ́n ti gbé e wá. Òkúta pupa tí àwọn oníṣòwò ń kó ti òkè ọya bọ̀ ni wọ́n ń ṣán wẹ́wẹ́. Wọn á fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i, wọn á sì jókòó máa fi omi fà á lórí òkúta pẹlẹbẹ títí yóò fi máa dán. Lántànà àti òkúta ìṣáwùrú tí mo ń sọ yìí, ìbátan ni wọ́n. Kúọ́ọ̀sì ni àwọn méjèèjì, òkúta líle tó tún wà nínú iyanrìn odò, irú èyí tí hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra irú òkúta kan náà lọ́wọ́ oníṣòwò tó ta ti ìyàwó yẹn. Ó gbé e wá, ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ bá mi wò ó, wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n ti wà á." Mo fi omi rẹ ẹ́, nítorí òkúta tí omi wà lára rẹ̀ máa ń fi inú hàn ju èyí tó gbẹ lọ. Mo mú un lọ sídìí fèrèsé, mo fi awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá wò ó.

Ìṣáwùrú pọ̀ nínú rẹ̀ lọ jàra. Wọ́n dùbúlẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn kan dojú dé, àwọn kan fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ayùn kò mọ orí, kò mọ ìdí, ibi tó bá ti bá wọn ló ti gé wọn. Èyí tí ó gé ní ìbú ti di òrùka. Èyí tí ó gé ní òró, láti ṣóńṣó dé ẹnu, fi òpó tó wà láàárín ìkarahun hàn, àwọn yàrá kéékèèké sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì òpó náà, tí wọ́n ń tóbi sí i bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Èyí tí a gé ní òró yìí ni kí ẹ máa wá bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹranko tó wà níbẹ̀. Ẹ má da ara yín láàmú lórí òrùka, gbogbo ìgbín ayé ló ń di òrùka bí a bá gé wọn ní ìbú.

Mo wo bí ṣóńṣó náà ṣe fẹ̀ tó. Ó fẹ̀. Ìkarahun náà sanra nídìí, ìyípo rẹ̀ kò sì pọ̀. Túrítẹ́là kì í rí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ gùn gbọọrọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìyípo rẹ̀ a máa ju mẹ́wàá lọ dáadáa, ilà tó yí ara rẹ̀ po ni a sì ń rí lórí ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ní etí òkúta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, níbi tí ayùn kò dé, ìkarahun kan yọrí síta lódindi. Mo fi èékánná mi rá a. Ilà tó yípo wà níbẹ̀, ilà òró náà wà, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé, kókó kékeré ló wà níbẹ̀. Láàárín àwọn ìṣáwùrú, mo tún rí àwọn nǹkan wínníwínní kan, tí ìkarahun wọn jẹ́ ìlàjì méjì tó pàdé ara wọn. Ọ́sítírákọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè wọ́n, ìbátan edé àti akàn ni wọ́n. Pẹ̀lú èyí, kò ku iyèméjì kankan sí mi nínú mọ́. Mo mọ ilé òkúta náà.

Ilé rẹ̀ jìnnà sí Sobí. Wyoming ni, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, lágbègbè ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wamsutter. Ìpele òkúta tó ti ń jáde níbẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Green River, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù ọdún 50. Nígbà náà, adágún omi ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fún lórúkọ Gosiute lẹ́yìn tó ti gbẹ tán. Ìṣáwùrú pọ̀ létí rẹ̀. Bí wọ́n bá kú, ẹran inú wọn á jẹrà, ìkarahun á kù, ìgbì á sì máa gbá ìkarahun jọ sí etí omi títí wọn á fi di òkìtì. Ẹrẹ̀ àti iyanrìn bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni omi abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba àárín wọn, omi tí sílíkà ti yọ́ sínú rẹ̀, ìyẹn ohun kan náà tó di iyanrìn odò, tí wọ́n sì fi ń ṣe dígí. Sílíkà yìí ń dì díẹ̀díẹ̀ sínú yàrá ìkarahun, ó ń dì sí àlàfo tó wà láàárín ìkarahun kan àti èkejì, títí gbogbo òkìtì náà fi di òkúta kan ṣoṣo tó le ju ọ̀bẹ lọ. Bí ẹ bá rí yàrá ìkarahun kan tí kò kún tán, ẹ tẹjú mọ́ ọn dáadáa. Hóró kúọ́ọ̀sì kéékèèké á ti hù sí ara ògiri rẹ̀, wọ́n á máa kọ mànà nínú oòrùn. Ọ̀kan wà nínú òkúta ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kò tó orí abẹ́rẹ́, òun ni mo sì wò pẹ́ jù.

Orúkọ ìṣáwùrú náà nínú ìwé onímọ̀ ni Elimia tenera. Orúkọ yìí ti rìnrìn àjò. James Hall, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1845, ó sì pè é ní Cerithium tenerum, ìdílé kan tó jẹ́ pé inú òkun ni wọ́n ń gbé. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé ẹranko omi tí kò níyọ̀ ni, wọ́n gbé e sí Goniobasis. Ó tún lọ sínú Oxytrema, kó tó wá balẹ̀ sínú Elimia. Nítorí náà, bí ẹ bá ra ìwé òkúta tó ti pẹ́, ẹ lè bá Goniobasis níbẹ̀, ẹ má sọ pé ìwé náà purọ́. Ẹ kàn máa wo orúkọ kejì, tenera, òun kò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà Hall, ìparí rẹ̀ nìkan ló yí padà láti tenerum. Àwọn Elimia ṣì wà láàyè dòní nínú àwọn odò ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Túrítẹ́là ní tirẹ̀, Lamarck, onímọ̀ ará Faransé, ló fún un lórúkọ ní 1799, ẹranko òkun ni, òun náà ṣì wà láàyè. N kò rí inú ìwé kankan pé àwọn méjèèjì jọ gbé omi kan rí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń pe òkúta Wyoming ní Túrítẹ́là? Àwọn tó ń ta òkúta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìkarahun ṣóńṣó ni wọ́n rí, Túrítẹ́là náà ṣe ṣóńṣó, wọ́n bá fi pè é, orúkọ náà sì gbilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró. Bí ẹ bá fẹ́ rí Túrítẹ́là gan-an tó di òkúta, ìtòsí ìlú Ulm ní Jámánì ni kí ẹ lọ. Ìpele òkúta kan wà níbẹ̀ ní Ermingen, wọ́n ń pè é ní Erminger Turritellenplatte, Túrítẹ́là ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Inú òkun ni ìyẹn ti dì. Bí a bá gbé òkúta méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọmọdé á mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ní Ọjà Ọba sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Alàgbà, bí mo bá pè é ní Elimia, ta ni yóò rà á? Túrítẹ́là dùn lẹ́nu." Mo gbà fún un. Orúkọ ọjà jẹ́ orúkọ ọjà, ẹni tó ń pàtẹ kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kì í ṣe àtẹ. Ọmọ ilé ìwé ń kà á, olùkọ́ ń kà á. Ọmọ tó bá ka ohun tí ẹ kọ á gbà pé òkun bo Ìlọrin mọ́lẹ̀ rí, nítorí bí Túrítẹ́là bá wà níbì kan, òkun ló wà níbẹ̀. Irú àmì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi ń mọ ibi tí òkun dé láyé àtijọ́ àti ibi tí kò dé. Bí a bá ti ṣi ẹranko pè, omi tó gbé inú rẹ̀ la ṣì pè yẹn.

Ọ̀rọ̀ "ágéètì" (oríṣi kúọ́ọ̀sì kan ni) tí ẹ kọ sínú àpilẹ̀kọ náà fúnra rẹ̀, n kò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ lọ́ ọ fínnífínní á sọ pé ágéètì gbọ́dọ̀ ní ilà, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé ara wọn yí ihò po. Ara òkúta Wyoming kì í sábà ní in, inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan la ti lè rí ilà bíi mélòó kan. Ní tèmi, mo máa ń tan iná fóònù sẹ́yìn etí rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ jù. Bí iná bá là á kọjá, kalsẹ́dónì ni mò ń kọ. Bí iná kò bá là á, tó dúdú dí síbẹ̀, mo kọ ṣẹ́ẹ̀tì. Oríṣi kúọ́ọ̀sì oníhóró wínníwínní ni àwọn méjèèjì. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la kọjá ní etí kan, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó dí ní àárín. Àwọn tó ń pe gbogbo rẹ̀ ní "ágéètì ìṣáwùrú" kò jìnnà sí òótọ́, mo sì lè bá wọn jókòó.

Òkúta oníṣáwùrú míràn tún wà lọ́jà tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ èyí. Índíà ni ti ibẹ̀ ti ń wá, lágbègbè Nagpur, níbi tí adágún kéékèèké wà láàárín ìgbà tí iná abẹ́ ilẹ̀ tú àpáta gbígbóná jáde àti ìgbà tó tún tú òmíràn lé e, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 66 sẹ́yìn. Physa prinsepii ni wọ́n ń pe ìṣáwùrú ibẹ̀, Sowerby, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1840. Òun ni ó rọrùn jù lọ láti dá mọ̀, nítorí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ẹ gbé ìgbín tí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀ dání, ẹ kọ ṣóńṣó rẹ̀ sókè, ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín: apá ọ̀tún yín ni ẹnu náà á wà. Elimia rí bẹ́ẹ̀, Túrítẹ́là rí bẹ́ẹ̀. Ti Physa, apá òsì ni ẹnu rẹ̀ wà. Ìdí rẹ̀ tún fẹ̀ gan-an, ṣóńṣó rẹ̀ kúrú. Ọ̀kan péré tó bá yọrí síta nínú òkúta ti tó láti yanjú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwòrán fóònù ṣá o. Bí a bá fi kámẹ́rà iwájú ya ara wa, ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yí àwòrán padà, ọlọ́wọ́ ọ̀tún á di ọlọ́wọ́ òsì. Mo ti rí ibi tí àwọn méjì ti ń jiyàn kíkan lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀, òkúta kan náà ni wọ́n sì jọ ń wò.

Ó wá ku Òkè Sobí. Bóyá oníṣòwò náà parọ́ ni o, bóyá ẹni tó tà á fún un ló parọ́ fún un, èmi kò mọ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àpáta Ìlọrin àti ti gbogbo gúúsù Kwara, ti Igbómìnà, ti Ọ̀fà, ti Èkìtì Kwara, àpáta ìpìlẹ̀ ni. Òmíràn yọ́ nínú iná abẹ́ ilẹ̀ kó tó dì, òmíràn ni ooru àti ìwúwo ilẹ̀ ti tẹ̀ títí ó fi yí padà pátápátá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí láàárín wọn súnmọ́ mílíọ̀nù ọdún 600, àwọn kan sì jù ú lọ fíìfíì. Nígbà yẹn, kò tíì sí ìgbín kankan láyé. Àní òkúta mábù Òréké tí wọ́n ń wà ní Ifẹ́lódùn, tó jẹ́ pé ó bá òkúta ẹfun tan, ooru ti sè é débi pé bí ohunkóhun bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ rí, kò lè fi ara hàn wá mọ́. Ẹ lè wà á títí, kúọ́ọ̀sì funfun, máíkà tí ń dán àti òkúta dúdú lẹ ó máa bá pàdé. Wọ́n dára, mo ní wọn nílé, ṣùgbọ́n ìṣáwùrú kò sí níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá ni ẹ fẹ́ kọ nípa rẹ̀, ẹ yíjú sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ibẹ̀ ni òkun ti dé lóòótọ́, ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 60 sẹ́yìn. Inú òkúta ẹfun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì ni ìkarahun ẹranko òkun oríṣiríṣi wà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè ti Ifẹ̀ sì ti ṣe àpèjúwe wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ní 1977. Ìyẹn ni kí ẹ fi sójú ìwé! Kì í kàn án ṣe ágéètì ni. Òkúta ẹfun ni, ó rọ̀, kò lè dán bí èyí tí ìyàwó yẹn fi sọ́rùn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú òkúta yìí lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, kò gba ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ọ̀bẹ ìdáná ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Kí a fi ṣóńṣó rẹ̀ ha ìdí òkúta níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí. Bí ó bá jẹ́ kúọ́ọ̀sì, ọ̀bẹ kò ní lè dá a lápá. Irin ọ̀bẹ ni yóò fi ilà dúdú sílẹ̀, ẹ ó fi ìka nù ún, ó ti lọ. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan fún líle òkúta: kúọ́ọ̀sì wà ní 7, kálísáìtì tó wà nínú òkúta ẹfun wà ní 3, tálíkì wà ní 1. Òkúta ọṣẹ tí wọ́n fi gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀siẹ̀, tálíkì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó gbẹ́ ère wọ̀nyẹn, tí iye wọn ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, fi lè gbẹ́ ojú, etí, fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn sí wọn lára. Bí ẹ bá lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èékánná dán wọn wò, ẹ gbà mí gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ náà wúlò. Ẹ ha òkúta náà díẹ̀ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ jáde, ẹ kán omi ọsàn sí i. Òkúta ẹfun á hó yẹ́yẹ́, kúọ́ọ̀sì kò ní dá yín lóhùn. Nípa ayédèrú, èyí tí wọ́n fi rọ́bà olómi ṣe ló pọ̀ jù lójú mi: wọ́n á kó ìkarahun tuntun láti etí odò, wọ́n á da rọ́bà lé e, ó di òkúta lọ́jọ́ kejì. Ó fúyẹ́, kì í tutù lọ́wọ́, èéfín rọ́bà sì ni yóò rú bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án. Àwọ̀ pupa fòò tàbí búlúù tó ń tàn yanran nínú òkúta oníṣáwùrú, aró ni o. Kalsẹ́dónì máa ń mu aró dáadáa, àwọn ará Idar-Oberstein ní Jámánì sì ti mọ iṣẹ́ rírẹ ágéètì láró láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n kó wá sí ilẹ̀ wa láti ọ̀dọ̀ wọn ló bá lántànà àwọn bàbá wa dupò lọ́jà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn, n kò ní jẹ́ kó fà mí lọ.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kó òkúta jọ ní Kwara gbọ́, nítorí a ti ń pọ̀ sí i, mo sì ń rí àwọn ọ̀dọ́ láàárín wa. Ẹ má jẹ́ kí òkúta dúró nílé yín láìní ìwé tirẹ̀. Èmi a máa fi ọ̀dà funfun tò kan sí ìdí rẹ̀, máa fi íńkì dúdú kọ nọ́ńbà sórí ọ̀dà náà, máa wá kọ ìyókù sínú ìwé. Ibi tí ó ti wá ni mo ń kọ ṣáájú orúkọ rẹ̀. Orúkọ lè yí padà, ẹ ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti Hall; ìlú tí òkúta ti jáde kò lè yí padà, bí a bá sì ti sọ ọ́ nù, kò sí awò tó lè bá wa wá a. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo kọ sí i ni: "Wyoming, Green River, agbègbè Wamsutter. Elimia tenera nínú kalsẹ́dónì àti ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́jà, wọ́n ń pè é ní Túrítẹ́là ágéètì." Mo fi orúkọ ọjà náà kún un nítorí ẹni tó bá fẹ́ wá irú rẹ̀ kò ní rí i bí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìlà kẹta ni ipò rẹ̀, kò gbọdọ̀ gòkè ju ibẹ̀ lọ.

Nítorí náà, Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa fi àtúnṣe sí abala oge tó ń bọ̀, ibi kan náà tí àwòrán yẹn wà, kí àwọn tó kà á tẹ́lẹ̀ lè rí i. Kò ní kó gùn. Ẹ kàn kọ pé ìṣáwùrú inú adágún ni, pé láti Wyoming ni. Bí ẹ bá fẹ́ yọ orúkọ Elimia sílẹ̀ nítorí àyè, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má dá Túrítẹ́là padà síbẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní dá òkúta òun padà, pé ó wu òun bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ̀bi. Ó fẹ́ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ góòlù kó gé etí rẹ̀ tó rí wágunwàgun kúrò, kí ó lè bá okùn ọrùn mu. Mo ti rọ̀ ọ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, torí etí yẹn gan-an ni ìkarahun kan ṣoṣo tó yọrí síta wà. Kò tíì dá mi lóhùn. Bí oníṣòwò náà bá sì ka lẹ́tà yìí, kó má bínú sí mi: bí ó bá ṣì ní èyí tí ayùn kò tíì kàn nínú ẹrù rẹ̀, kó tọ́jú ọ̀kan pa mọ́ fún mi, màá rà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Olókùúta,
Pàkátà, Ìlọrin.